Ìka Yíyá Nìkan Kọ́ Ni Gìtá: Ẹ̀kọ́ Láti Ọ̀yọ́ Àti Ògbómọ̀ṣọ́

Bí òwe bí òwe là ń lùlù ògìdìgbó. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ní ìlú Ọ̀yọ́, níbi tí àwọn ìdílé Àyàn ti ń fi ìlù sọ̀rọ̀ láàfin láti ìrandíran, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà. Ẹ̀kọ́ ńlá ló jẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ gìtá lónìí, nítorí ìka ọ̀pọ̀ nínú wọn ti yá, ṣùgbọ́n orin wọn kò sọ ohunkóhun létí ẹni tó ń gbọ́ ọ.

Òótọ́ ni pé ìka ni ìbẹ̀rẹ̀. Okùn 6 ni gìtá tó wọ́pọ̀ máa ń ní, akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí wọn títí ohùn wọn yóò fi bára mu. Ìka ọwọ́ òsì ló ń tẹ okùn. Kí ó sún mọ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, ṣùgbọ́n kó má gun orí rẹ̀, kí ohùn má baà kú. Ní ọwọ́ ọ̀tún, àtàǹpàkò ni yóò máa ta okùn tó nípọn, ìka ìfábẹ̀lá yóò sì máa ta èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀nà ìka méjì yìí ni ọ̀pọ̀ onígìtá tó ń kọrin nídìí ẹmu ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lò láyé àtijọ́.

Ìṣẹ́jú 20 lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ibi tí ọwọ́ bá ti ń ṣìnà, kí akẹ́kọ̀ọ́ dẹ ìrìn rẹ̀ sílẹ̀, kó tún ibẹ̀ nìkan ta títí yóò fi mọ́ra. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Lẹ́yìn ìka ni etí. Ọmọ Àyàn kì í fi ìyáàlù bẹ̀rẹ̀. Ìlù kékeré ló ń lù lẹ́yìn àwọn àgbà, tí etí rẹ̀ yóò sì ti kún kó tó di pé òun náà ń sọ̀rọ̀. Onígìtá lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ó fi ẹnu pe ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, kó sì wá ohùn mẹ́ta lórí okùn tí yóò ya ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Àwọn olórin jùjú mọ àṣírí yìí. Ní ọdún 1949 ni Àyìndé Bákàrè bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ láti gbé ohùn gìtá rẹ̀ sókè, ní àkókò tí gángan náà ń wọ inú jùjú. Láti ìgbà náà ni gìtá àti gángan ti ń dá ara wọn lóhùn, títí dé ọ̀dọ̀ Ebenezer Obey àti Sunny Adé.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ ẹ̀wẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ìsìn àwọn Onítẹ̀bọmi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1898, ń kọ́ni ní orin ìjọ. Ẹni tó bá mọ àmì orin kà yóò lè kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀, yóò sì lè ta iṣẹ́ ẹni tí kò rí rí. Síbẹ̀, ìwé kò lè rọ́pò etí. T. K. E. Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní kàtídírà ìjọ Áńgílíkà l'Ékòó, kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953. Òun náà mọ̀ pé ohùn orin òkèèrè tí a bá gbé lé ọ̀rọ̀ Yorùbá láìwo àmì ohùn rẹ̀ lè yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà padà. Ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi nílò ìwé Ògbómọ̀ṣọ́ àti etí Ọ̀yọ́ pa pọ̀.

Ìdánwò rẹ̀ kò le. Kí onígìtá ta òwe kan tí gbogbo ilé mọ̀, láìla ẹnu. Bí ìyá àgbà tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá fi ẹnu parí òwe náà, gìtá ti gbọ́ Yorùbá nìyẹn.