Rírà Jíìpù Àlòkù: Ohun tí Ó Yẹ kí Ẹ Yẹ̀ Wò kí Owó tó Kúrò Lọ́wọ́ Yín

Ní Òkè-Ògùn àti Ìbàràpá, kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni ó lè tọ ọ̀nà oko nígbà òjò. Àgbẹ̀ tí ó ń kó iṣu jáde láti oko, nọ́ọ̀sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní abúlé, àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó ń kó ọjà wá sí Ìbàdàn, jíìpù tàbí Hilux ni wọ́n sábà máa ń wá. Nítorí pé tuntun wọ́n gógó, àlòkù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà. Owó ìkórè ọdún púpọ̀ ni ó ń lọ síbẹ̀, tàbí owó tí a yá. Bí ọkọ̀ náà bá dẹnu kọlẹ̀, tàbí bí aṣọ́bodè bá gbà á, gbèsè kò ní bá a lọ. Ìdí nìyí tí a fi ṣe àlàyé yìí fún ẹ̀yin ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Irú ọkọ̀ tí ẹ nílò

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ga bíi jíìpù ni ó lè ṣe iṣẹ́ jíìpù. Púpọ̀ nínú RAV4 àti CR-V tí ó wà lọ́jà, táyà iwájú nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Hilux pàápàá, irú èyí tí táyà ẹ̀yìn nìkan ń tì wà. Ẹ béèrè, kí ẹ sì wo inú ọkọ̀: èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ sábà máa ń ní ọwọ́ jíà kékeré tàbí bọ́tìnnì tí a kọ 2H, 4H àti 4L sí. Bí ó bá jẹ́ pé ojú ọ̀dà ni ẹ ó máa rìn jù, ẹ má san owó lé e. Ó ń mu epo, àtúnṣe rẹ̀ sì wọ́n.

Ìwé ọkọ̀

Bí ọkọ̀ bá jẹ́ tòkunbọ̀, ìwé owó ibodè ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de gbígbé ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀. Èbúté ojú omi nìkan ni ó kù. Nítorí náà, ọkọ̀ tí wọ́n bá gbé láti Kútọnu gba ọ̀nà igbó wọlé jẹ́ ẹrù òfin, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ dínkù tó. Aṣọ́bodè lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á, kódà bí onítọ̀hún kò bá mọ bí ó ṣe wọlé.

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ jẹ́ lẹ́tà àti òǹkà 17, kò sì gbọdọ̀ ní lẹ́tà I, O tàbí Q nínú. Ẹ kà á lábẹ́ gíláàsì iwájú, lára irin ṣáńsì àti nínú ìwé. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti fi irin rẹ́ nọ́ńbà náà, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún ni a ń gbà ní Nàìjíríà láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, nítorí náà apá òsì ni ìdarí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà. Ẹ ṣọ́ra fún ọkọ̀ tí wọ́n yí ìdarí rẹ̀ padà láti apá ọ̀tún.

Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ti lò níhìn-ín, orúkọ tí ó wà nínú ìwé ẹ̀rí oníǹkan gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ ẹni tí ń tà á. Bí ẹlòmíràn bá ń bá a tà á, ẹ rí oníǹkan fúnra rẹ̀.

Àyẹ̀wò

Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín lọ, kì í ṣe èyí tí òǹtajà mú wá. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Èéfín aláwọ̀ búlúù fi hàn pé ó ń jó ọ́ìlì. Ọ́ìlì tí ó bá funfun bíi mílíìkì ti pò mọ́ omi.

Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀. Ẹ wò ó bóyá ṣáńsì ti wọ́, ti là, tàbí ti dógùn-ún. Ọ̀dà tuntun tí ó nípọn lábẹ́ ọkọ̀ sábà máa ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹ wo ibi tí ọ́ìlì ti ń jò níbi jíà iwájú àti ti ẹ̀yìn, kí ẹ sì wo rọ́bà tí ó bo oríkèé táyà iwájú bóyá ó ti ya.

Nítorí ọkọ̀ tí omi ti bò rí, ẹ ṣí kápẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán. Ẹrẹ̀ tàbí àbàwọ́n omi tí ẹ bá rí níbẹ̀ kì í parọ́.

Òǹkà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn àmì DOT lára táyà ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019.

Dídán an wò

Ojú ilẹ̀ ẹlẹ́rùpẹ̀ ni kí ẹ ti dán táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ń fi ọwọ́ yí sí 4H kò yẹ kí a wà báyẹn lórí ọ̀dà gbígbẹ, nítorí táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn kì í rìn bákan náà níbi kọ́nà, jíà yóò sì máa fún ara wọn. Ẹ yí i sí 4H, ẹ yí ìdarí dé òpin, kí ẹ sì rọra rìn yípo. Ó yẹ kí ó lè díẹ̀. Bí kò bá yàtọ̀ rárá, ó ṣeé ṣe kí táyà iwájú má máa ṣiṣẹ́, bí iná rẹ̀ tilẹ̀ tàn. Ẹ dúró pátápátá kí ẹ tó yí i sí 4L.

Owó àti ìyípadà orúkọ

Ẹ san owó gba báńkì. Ẹ kọ ìwé àdéhùn tí ó ní ọjọ́, iye owó àti nọ́ńbà ìdánimọ̀, kí ẹlẹ́rìí sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ yí orúkọ padà sí tiyín ní ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ ti ìpínlẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé adójútòfò, èyí tí òfin sọ di dandan. Ọkọ̀ tí ó bá ṣì ń jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn lè dá wàhálà sílẹ̀ bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀.

Òǹtajà tí ó bá ń sọ pé ẹlòmíràn ń bọ̀ wá rà á lónìí, ẹ jẹ́ kí ẹni náà rà á. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.