Ìgbẹ́ Tó Yí Padà àti Ìlera Ìfun

Nílẹ̀ Yorùbá, orúkọ kan ṣoṣo ló ń ru ẹrù àrùn púpọ̀: jẹ̀díjẹ̀dí. Ìdí ń dunni, jẹ̀dí ni. Ẹ̀jẹ̀ kán sínú ṣáláńgá, jẹ̀dí ni. Ìgbẹ́ kọ̀ kò jáde, inú ń kùn lẹ́yìn ohun dídùn, jẹ̀dí náà ni. Ọ̀dọ̀ alágbo ló kàn, ọ̀rọ̀ sì tán. Ó ṣeni láàánú, nítorí àwọn àìsàn tí ìtọ́jú wọn kò jọra rárá ló fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ yìí, ọ̀kan nínú wọn sì ń pani.

Kò sí òfin pé dandan ni kí èèyàn yàgbẹ́ lójoojúmọ́. Láti ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ títí dé ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni àwọn dókítà kà sí ohun tó bójú mu. Kálukú ló yẹ kó mọ ìṣe inú tirẹ̀. Bí ìṣe náà bá yí padà, tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì kọjá láìjẹ́ pé ó padà sípò, ó yẹ kí dókítà gbọ́.

Oúnjẹ tó kúrò nínú ikùn máa ń gba ìfun kékeré kọjá, èyí tó gùn tó nǹkan bíi mítà 6, níbi tí ara ti ń fa ohun tó fẹ́ lò. Ìyókù á bọ́ sínú ìfun ńlá, tí gígùn rẹ̀ tó mítà kan àbọ̀, kí ara lè fa omi inú rẹ̀. Bó bá pẹ́ jù níbẹ̀, á gbẹ, á le. Bó bá sáré kọjá, á di gbuuru. Ìdí nìyí tí Stephen Lewis àti Ken Heaton, dókítà méjì ní ìlú Bristol ní England, fi lè pín ìgbẹ́ sí oríṣi 7 nínú àtẹ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997. Oríṣi kìíní jọ ìgbẹ́ ewúrẹ́. Ìkẹta àti ìkẹrin gùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, àwọn ló dára jù. Ìkeje, omi lásán. Ojú máa ń ti aláìsàn láti ṣàlàyé irú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n bó bá ti nàka sí àwòrán kan, ó ti yé dókítà.

Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Ireland tó ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Uganda, gbé ìgbẹ́ sórí òṣùwọ̀n. Nínú ìwádìí tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1972, ìgbẹ́ ará abúlé ní Uganda lé ní 400 gíráàmù lójúmọ́, ti àwọn ará Britain kò sì ju nǹkan bíi 100 lọ. Burkitt ní fáíbà inú oúnjẹ ló fa ìyàtọ̀ náà. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, àgbàdo àti èso kún fún un. Búrẹ́dì funfun àti núdù tí ọ̀pọ̀ ará Èkó fi ń panu kò fi bẹ́ẹ̀ ní in. Àwọn oògùn kan náà máa ń dí inú, pàápàá kódíìnì, tramadol àti oògùn ẹ̀jẹ̀ tí aláboyún ń lò.

Ìgbẹ́ gbuuru ni kí èèyàn yà á lómi-lómi tó ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́. Omi ara tó ń bá a lọ ló ń pa ọmọdé. Onígbáméjì wà lára àwọn àrùn tó ń fa gbuuru, orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ti sọ bó ṣe rí: igbá kan fún èébì, ìkejì fún ìgbẹ́ tó dà bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì. Ní oṣù kẹfà 2024, ó tún jà ní Èkó. Ṣúgà síbí kékeré mẹ́fà, pẹ̀lú iyọ̀ ààbọ̀ síbí kékeré, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ gẹ́lẹ́, nínú lítà kan omi mímọ́, lè mú ọmọ dúró títí wọn yóò fi gbé e dé ilé ìwòsàn.

Olikoye Ransome-Kuti polongo irú omi yìí káàkiri nígbà tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera, láti 1985 sí 1992. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1971, òun, Norman Kretchmer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti tẹ ìwádìí jáde pé ṣúgà inú mílíìkì kì í dà nínú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ó ń dà nínú ọ̀pọ̀ Fúlàní. Nítorí náà, ẹni tí inú rẹ̀ ń wú lẹ́yìn ife mílíìkì kan kò ní jẹ̀díjẹ̀dí rárá.

Jẹ̀díjẹ̀dí tòótọ́ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú nídìí. Ìgbẹ́ líle àti fífi agbára tì í ló sábà máa ń dá a sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì máa ń pọ́n yòò. Ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, tó ń lẹ̀, lè fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ń jò lókè nínú ikùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ náà máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú. Èyí tó funfun bí amọ̀ ń tọ́ka sí òróòro tí ọ̀nà rẹ̀ dí.

Jẹjẹrẹ ìfun ńlá ló yẹ kó ba èèyàn lẹ́rù jù. Chadwick Boseman, òṣèré fíìmù Black Panther, gbọ́ ní 2016 pé ó wà lára òun. Ẹni ọdún 43 ni nígbà tó kú ní 2020. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ aláìsàn ni kì í dé ọ̀dọ̀ dókítà títí àrùn náà yóò fi tàn kálẹ̀, àgbo jẹ̀dí sì wà lára ohun tó ń dá wọn dúró. Ẹ̀jẹ̀ jẹ̀dí máa ń dá fúnra rẹ̀, ti jẹjẹrẹ náà máa ń wá, á sì tún lọ. Ẹni tó mu àgbo tí ẹ̀jẹ̀ sì dá yóò máa dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbo, kókó inú rẹ̀ yóò sì máa dàgbà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tí èèyàn ń rù, tí ó ń rẹ̀ ẹ́ láìṣiṣẹ́, tàbí tí àrùn náà ti ṣe òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ rí, kó má ṣe dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní Ilé-Ìfẹ̀, àwọn dókítà ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ Memorial Sloan Kettering ní New York ti ń wá ọ̀nà láti mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n tètè fi kámẹ́rà wo ìfun rẹ̀ nínú àwọn tí ìdí wọn ń ṣẹ̀jẹ̀. Kókó kékeré inú ìfun sábà máa ń lo nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kó tó di jẹjẹrẹ. Bí kámẹ́rà bá rí i láàárín àkókò yẹn, dókítà lè gé e kúrò lọ́jọ́ náà gan-an.