Ìgbà Ju Irinṣẹ́ Lọ: Ìtàn Ìtọ́jú Ọyún Inú Àyà Ọmọdé, 1875 sí 2009

Ìfáárà
Bí òtútù àyà bá mú ọmọdé, omi a máa gbá jọ nígbà mìíràn sí àlàfo tí ó wà láàárín ẹ̀dọ̀fóró àti egungun ìhà. Bí kòkòrò àrùn bá wọ inú omi náà, a di ọyún. A sábà máa ń to ìtàn ìtọ́jú àìsàn yìí gẹ́gẹ́ bí ìtàn irinṣẹ́: ọ̀bẹ, ọ̀pá, pẹnisílínì, kámẹ́rà. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìgbà tí a lo irinṣẹ́ ṣe pàtàkì ju irinṣẹ́ fúnra rẹ̀ lọ.

Ọ̀bẹ àti Ọ̀pá
Àwọn oníṣègùn Gíríìkì àtijọ́, nínú àwọn ìwé tí a so mọ́ orúkọ Hippocrates, ti ń gé àárín egungun ìhà kí ọyún lè máa jáde díẹ̀díẹ̀. Ní 1875, Gotthard Bülau ní Hamburg, ní ilẹ̀ Jámánì, gba ọ̀nà mìíràn. Ó ki ọ̀pá bọ àyà aláìsàn, ó sì ri ẹnu rẹ̀ kejì sínú omi. Ọyún ń jáde, afẹ́fẹ́ kò sì lè padà wọlé. Ó tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní 1891. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ kò yé la àyà sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ 1918
Ní 1917 sí 1918, àjàkálẹ̀ àrùn bẹ́ sílẹ̀ ní àgọ́ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Òtútù àyà tẹ̀lé e, ọyún sì kún àyà ọ̀pọ̀lọpọ̀. Wọ́n tètè la àyà wọn. Nǹkan bí 30 nínú 100 ni ó kú. Ìgbìmọ̀ tí iléeṣẹ́ ológun gbé kalẹ̀ wádìí rẹ̀. Evarts Graham àti Richard Bell ṣàlàyé pé ní ìbẹ̀rẹ̀, omi náà ṣàn, kò sì sí ohun tí ó mú ẹ̀dọ̀fóró dúró. Bí a bá la àyà nígbà náà, afẹ́fẹ́ a ya wọlé, a sì fún ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì pọ̀. Abẹ́rẹ́ ni kí a fi fa omi náà, kí a má là á títí ọyún yóò fi ki, kí a sì bọ́ aláìsàn dáadáa. Ní Camp Lee, ní Virginia, iye àwọn tí ó kú kò pé 5 nínú 100 mọ́. Pẹnisílínì kò tíì sí nígbà náà. Ọ̀bẹ ni ó dúró de àkókò rẹ̀.

Àgbàlagbà ni àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kan ọmọdé jù wọ́n lọ, nítorí ohun tí ó pààlà sáàárín ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì tètè ń yẹ̀ lára ọmọ kékeré.

Ìtọ́jú Òde Òní
A kò sọ pé irinṣẹ́ kò wúlò. Pẹnisílínì gba ẹ̀mí púpọ̀ là láti àwọn ọdún 1940, ṣùgbọ́n bí ọyún bá ti ki, egbògi nìkan kì í sábà tó. Ní 1949, Tillett àti Sherry ní New York fi èròjà tí ń yọ́ okùn inú ọyún sí àyà aláìsàn. Ní 1962, ẹgbẹ́ àwọn dókítà àyà ní Amẹ́ríkà pín àìsàn náà sí ìpele mẹ́ta: omi tí ń ṣàn, ọyún tí okùn ti pín sí yàrá yàrá, àti èèpo líle tí ó dè ẹ̀dọ̀fóró mọ́lẹ̀. Ìgbà ni wọ́n fi pín in.

Lórí ìpele kejì ni àríyànjiyàn wà: ṣé ọ̀pá pẹ̀lú èròjà yìí ni, tàbí iṣẹ́ abẹ oníkámẹ́rà? Ní 2006, Sonnappa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọmọ 60 wé ara wọn ní London. Ní 2009, St. Peter àti tirẹ̀ fi ọmọ 36 ṣe bẹ́ẹ̀ ní Kansas City. Nínú méjèèjì, iye ọjọ́ tí ọmọ lò ní ilé ìwòsàn kò yàtọ̀ ní pàtàkì; iṣẹ́ abẹ ni ó wọ́n jù.

Àgbálọgbábọ̀
Àìní kámẹ́rà, nígbà náà, kọ́ ni ó yẹ kí ilé ìwòsàn kékeré kọ́kọ́ bẹ̀rù. Ohun tí ó yẹ kí ó bẹ̀rù ni pípẹ́: kí ọmọ tí ibà rẹ̀ kò lọ lẹ́yìn òtútù àyà máa gba egbògi kan náà, láìsí ẹni tí ó yẹ àyà rẹ̀ wò, títí èèpo yóò fi le. Àṣejù ìkánjú ni ó pa àwọn ọmọ ogun 1918. Àṣejù ìfalẹ̀ ni ó wà níwájú wa báyìí.