Ipa Ará Ìlú Nínú Ìpamọ́ Ilẹ̀: Ìtàn Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn nínú ìtàn Igbó Ọ̀ṣun, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó hẹ́kítà 75.

Kí òyìnbó tó gbé okùn ìwọnlẹ̀ dé ni àwọn ará Òṣogbo ti ní ètò tiwọn lórí ilẹ̀ náà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Láróòyè àti Tìmẹ́hìn tẹ̀dó sí etí odò, Ọ̀ṣun sì bá wọn dá májẹ̀mú. Láti ìgbà náà ni ó ti di èèwọ̀ láti pẹja, láti ṣọdẹ tàbí láti gé igi níbẹ̀. Èèwọ̀ ni odi igbó náà.

Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1950, odi yìí sán. Ojúbọ ń wó, olè ń jí ère kó, àwọn kan sì ń fẹ́ ra ilẹ̀ ibẹ̀ kọ́lé. Kódà, ẹ̀ka ìjọba tí ó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti igbó gba apá kan, ó sì gé igi rẹ̀ láti fi dáko. Àkókò yìí ni Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí àwọn ènìyàn ń pè ní Àdùnní, dé Òṣogbo. Àtáọ́ja àti ará ìlú tì í lẹ́yìn. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bí Adébísí Àkànjí sì tún ojúbọ kọ́.

Ní 1965, ìjọba fi òfin dáàbò bo apá kan igbó náà. Ní 1992, òfin ká gbogbo rẹ̀. Ní 2005, UNESCO kà á mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé. Nínú ètò ìtọ́jú tí wọ́n ṣe fún 2004 sí 2009, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ìgbìmọ̀ àṣà ìlú, àti Àtáọ́ja pẹ̀lú àwọn ìjòyè rẹ̀ ni wọ́n jọ pín iṣẹ́. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù.

Síbẹ̀, odi kì í dá omi dúró. Ní 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn pé kí wọ́n má mu omi odò náà, nítorí ìdọ̀tí tí wíwa wúrà ní òkè odò ń dà sínú rẹ̀. Àwọn tí ó pa igbó mọ́ kò ní àṣẹ lórí ilẹ̀ tí omi ti ń ṣàn bọ̀. Nítorí náà, ètò ilẹ̀ tí yóò tọ́jọ́ gbọ́dọ̀ pe ará òkè odò àti ará ìsàlẹ̀ jókòó pọ̀. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.