Aáyù Nínú Ìtàn Oògùn

Ọ̀nà jíjìn ni aáyù ti wá kí ó tó bọ́ sínú ìgò ìyá alágbo. Àárín gbùngbùn Éṣíà ni ó ti ṣẹ̀, kí àwọn oníṣòwò tó gbé e dé Índíà, Ṣáínà àti Íjíbítì. Èyí tí à ń rà ní Bódìjà àti Mile 12, Òkè Ọya ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá; àwọn àgbẹ̀ Sókótó, Kébí àti Kánò ń gbìn ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń bomi rin. Bí ọ̀pọ̀ nínú wa bá sì gbọ́ orúkọ rẹ̀, ikọ́, aràn àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń wá sọ́kàn wa kí ọbẹ̀ tó dé.

Èrò yìí ti pẹ́ láyé. Nígbà tí awalẹ̀pìtàn Howard Carter rí ibojì Ọba Tutankhamun ti Íjíbítì ní 1922, aáyù wà lára ohun tí wọ́n bá níbẹ̀. Ìwé oògùn àwọn ará Íjíbítì tí wọ́n ń pè ní Ebers, tí wọ́n kọ ní nǹkan bí ọdún 1550 ṣáájú ìbí Jésù, lò ó fún oríṣiríṣi àìsàn. Ìwé Númérì sọ bí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ṣe ń ṣàárò rẹ̀ nínú aginjù. Dioscorides, oníṣègùn Gíríìkì ní ọ̀rúndún kìíní, júwe rẹ̀ fún aràn, ikọ́ àti oró ejò.

Ìtàn tó wú mi lórí jù wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé oògùn kan tó ti lé ní 1,000 ọdún, Bald's Leechbook, wà ní British Library ní Lọ́ńdọ̀nù. Oògùn ojú kan wà nínú rẹ̀: kí a gún aáyù pọ̀ mọ́ ohun ọ̀gbìn mìíràn tó jẹ́ ẹbí àlùbọ́sà, kí a da wáìnì àti òróòro màlúù sí i, kí ó wà nínú ìkòkò idẹ fún òru mẹ́sàn-án, kí a sẹ́ ẹ, kí a wá fi ìyẹ́ tọ́ ọ sójú. Ní 2015, Freya Harrison, onímọ̀ nípa kòkòrò àrùn, àti Christina Lee, onímọ̀ ìwé àtijọ́, pò ó ní Yunifásítì Nottingham ní títẹ̀lé ìlànà ìwé náà. Nínú yàrá àyẹ̀wò, ó pa MRSA, kòkòrò tí ọ̀pọ̀ oògùn ilé ìwòsàn kò ràn mọ́. Àdàlù náà sì lágbára ju èròjà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lọ. Ẹni tó bá ti rí alágbo tó kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní yọ ewé kan ṣoṣo kúrò nínú ohun tí òun ń sè kò ní ṣe kàyéfì.

Ibi tí agbára náà fara pamọ́ sí, ọdún 1944 ni Chester Cavallito àti John Bailey rí i ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì sọ ọ́ ní allicin. Kò sí allicin nínú aáyù tí a kò tíì fọ́. Ohun méjì ló wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú rẹ̀. Ìgbà tí a bá gún un tàbí tí a bá gé e jẹ ni wọ́n ń pàdé, tí allicin á sì jáde pẹ̀lú òórùn tí gbogbo wa mọ̀. Iná máa ń tètè ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ẹni tó ju odindi aáyù sínú omi gbígbóná ti pàdánù púpọ̀ nínú ohun tó ń wá. Kí ó gún un, kí ó fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, kí ó tó gbé e kaná.

Kí ló wá lè ṣe lára ènìyàn? Ní 2007, àwọn olùwádìí Stanford jábọ̀ ohun tí wọ́n rí lára ènìyàn 192. Àwọn kan jẹ aáyù tútù, àwọn kan lo hóró oògùn aáyù, àwọn yòókù kò gba aáyù rárá, fún oṣù mẹ́fà. Ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò dín kù. Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ìròyìn dára jù bẹ́ẹ̀ lọ: àkójọ ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní Ọsirélíà ní 2008 fi hàn pé ó máa ń fà á wálẹ̀ níwọ̀nba. Ìrànlọ́wọ́ nìyẹn, kì í ṣe ìwòsàn.

Orílẹ̀-èdè kan ti jìyà nítorí pé àwọn aláṣẹ rẹ̀ kò ka ìyàtọ̀ yìí sí. Ní Gúúsù Áfíríkà, Manto Tshabalala-Msimang, tó jẹ́ Mínísítà ètò ìlera láti 1999 sí 2008, polongo aáyù, lẹ́mọ́ọ̀nù àti bíítírúùtù fún àwọn tó ní kòkòrò éèdì. Ní àpérò àgbáyé lórí éèdì ní Toronto ní 2006, wọ́n pàtẹ wọn sí ìsọ̀ orílẹ̀-èdè náà. Àwọn olùwádìí Harvard ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà pé ó lé ní 330,000 ènìyàn tó kú láàárín 2000 sí 2005 nítorí pé ìjọba fi oògùn éèdì falẹ̀. Aáyù kọ́ ló pa wọ́n. Oògùn tí wọn kò rí lò ni. Síbẹ̀, nígbà tí kòrónà dé ní 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé tún ní láti là á mọ́lẹ̀ pé kò sí ẹ̀rí pé aáyù ń dènà rẹ̀.

Ẹ máa jẹ aáyù. Ẹ má fi tútù rẹ̀ di ara ọmọdé, torí ó lè jó awọ rẹ̀. Ó máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dì. Nítorí náà, ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, tàbí ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kí ó sọ fún dókítà pé òun ń jẹ ẹ́, tàbí pé ó wà nínú àgbo tí òun ń mu. Ẹni tó sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má tìtorí aáyù pa oògùn rẹ̀ tì.