Láti Balógun Pápá dé Adarí-Ikọ̀: Àròkọ lórí Ọ̀rọ̀ Bọ́ọ̀lù ní Èdè Yorùbá

Nínú ìròyìn bọ́ọ̀lù ní èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kì í wọ́n asọ̀rọ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí ó ń ròyìn rẹ̀ bá ṣì wà lórí pápá, nítorí pé èdè náà ti ní orúkọ fún ẹni tó ń ṣọ́ ilé, fún ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù sílé, fún ìdíje àti àṣekágbá, fún ìjáwé olúborí àti ìfìdírẹmi. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá bọ́ bàtà bọ́ọ̀lù, tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá láti máa darí àwọn ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í tán lẹ́nu asọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, akọ́nimọ̀ọ́gbá, ni a sì ń di gbogbo ẹrù náà lé lórí. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀, àti ohun tí a lè ṣe sí i, ni ohun tí a ó gbé yẹ̀ wò níhìn-ín, ìrìnàjò Stephen Keshi láti ipò balógun ikọ̀ dé ipò akọ́nimọ̀ọ́gbá ni a ó sì máa tọ̀, nítorí pé ìtàn rẹ̀ fi àlàfo náà hàn kedere.

Àwọn ọ̀rọ̀ orí pápá dára nítorí pé ẹnu òǹwòran àti ẹnu àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ni wọ́n ti jáde, kì í ṣe ìdí tábìlì ìgbìmọ̀. Ifẹsẹ̀wọnsẹ̀, tí a fi ń pe ìpàdé ikọ̀ méjì, sọ ohun tí ojú rí: ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wọn ẹsẹ̀. Atamátàsé, orúkọ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbá bọ́ọ̀lù sílé, ọ̀dọ̀ ọdẹ àti tafàtafà ni a ti yá a, nítorí pé ẹni tí ọfà rẹ̀ kì í tàsé ni a máa ń fi í kì. Èyí tó jinlẹ̀ jù nínú wọn ni ayò àti ọ̀mì. Inú ayò ọlọ́pọ́n ni àwọn méjèèjì ti wá, èkíní láti ka iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù wọlé, èkejì láti sọ pé kò sí ẹni tó borí, wọ́n sì wọ inú bọ́ọ̀lù wẹ́kú débi pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń lò wọ́n lónìí kò jókòó ti ọpọ́n ayò rí. Bí a bá fẹ́ mọ bí èdè Yorùbá ṣe ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá dá a lẹ́kun, ibẹ̀ ni ká wò: ó máa ń wá eré tàbí iṣẹ́ kan tí ó ti mọ̀ dunjú, ó sì máa ń gbé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ lọ síbi tuntun.

Bákan náà ni balógun, tí a fi ń pe olórí àwọn agbábọ́ọ̀lù lórí pápá. Ní Ìlọrin, níbi tí oyè Balógun mẹ́rin wà, èyíinì ni Àjíkòbí, Àlànámú, Gàmbàrí àti Fúlàní, ẹni tó ń tajà ní ọjà Ìpàtà kò nílò àlàyé kankan lórí “balógun ikọ̀”, nítorí ó mọ̀ pé balógun ni ẹni tó ṣíwájú ogun fúnra rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó jókòó sílé tó ń rán àwọn ọmọ ogun níṣẹ́. Ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń bá wọn jà àti ẹni tó ń rán wọn lọ jà ni a gbọ́dọ̀ dì mú, torí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé.

Ní 1962 ni wọ́n bí Keshi, ó gbá bọ́ọ̀lù fún ikọ̀ ACB ní Èkó àti fún New Nigeria Bank ní ìlú Benin, kí ó tó kọjá sí Côte d'Ivoire, lẹ́yìn náà sí Bẹ́ljíọ̀mù, níbi tó ti bá Lokeren àti Anderlecht gbá. Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ni, ìyẹn ẹni tó ń dènà kí bọ́ọ̀lù má ṣe dé ọ̀dọ̀ aṣọ́lé, láti ẹ̀yìn níbẹ̀ ni ó sì ti máa ń rí gbogbo pápá, tí yóò sì máa ké sí àwọn tó wà níwájú. Òun ni balógun ikọ̀ Nàìjíríà tó gba Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Tùnísíà ní 1994, nígbà tí wọ́n fi ayò 2 sí 1 borí Zambia nínú àṣekágbá. Ṣùgbọ́n ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé tí wọ́n lọ ní Amẹ́ríkà ní ọdún kan náà, ifẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan péré ló gbá. Orí àga àwọn arọ́pò ló wà nínú ìyókù, síbẹ̀ òun náà ni balógun, àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń pè é ní Ọ̀gá Ńlá. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ balógun ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lára, nítorí pé ẹni tí kò sí lójú ogun, tó jẹ́ pé ọgbọ́n àti ìmọ̀ràn rẹ̀ ni àwọn tó wà lórí pápá ń fi ojú sọ́nà fún, ti kúrò lábẹ́ orúkọ kan kò sì tíì bọ́ sábẹ́ òmíràn. Èdè kò ní orúkọ fún ipò tó wà láàárín yẹn.

Bí a bá tú akọ́nimọ̀ọ́gbá palẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni “ẹni tó ń kọ́ni kí ẹni náà lè mọ̀ ọ́n gbá”. Ọ̀rọ̀ tó pé ni, ó sì bá ìran kan mu pátápátá. Adégbóyè Onígbíndé, ọmọ Modákẹ́kẹ́, tó darí ikọ̀ Nàìjíríà dé àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní 1984, níbi tí Cameroon ti fi ayò 3 sí 1 borí wọn, tó sì tún kó ikọ̀ náà lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní 2002, olùkọ́ ni kó tó di ẹni bọ́ọ̀lù, ojú olùkọ́ ló sì fi ń wo iṣẹ́ náà. Keshi fúnra rẹ̀ wà lára àwọn ọmọ ikọ̀ 1984 yẹn. Fún irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀, orúkọ tó sọ pé ó ń kọ́ni kò lè ṣì í.

Ìṣòro wà nígbà tí a bá dé 10 Oṣù Kejì 2013, ọjọ́ tí Nàìjíríà, lábẹ́ Keshi, fi ayò 1 sí òdo borí Burkina Faso ní Johannesburg, tí Keshi sì di ẹnìkejì, lẹ́yìn Mahmoud El-Gohary ti Íjíbítì, tó gba ife náà gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti gẹ́gẹ́ bí akọ́ni. John Obi Mikel, tó wà ní àárín pápá lọ́jọ́ náà, ti bá Chelsea gba ife àwọn akọni ilẹ̀ Yúróòpù ní ọdún tó ṣáájú. Kò sí ohun tí Keshi fẹ́ kọ́ ọ nípa bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ tí Keshi ṣe ni pé ó mú un, ó fi Ogenyi Onazi àti Sunday Mba sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì gbà pé agbábọ́ọ̀lù tó ń jẹun nínú líìgì abẹ́lé lè dúró níwájú àwọn tó ti Yúróòpù wá. Mba, tó gbá bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà sílé, inú líìgì abẹ́lé ló ti wá. Godfrey Oboabona, tó dúró lẹ́yìn, ọmọ ikọ̀ Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ ni. Yíyàn, títò àti ìgboyà láti fi orúkọ rẹ̀ dúró fún yíyàn náà ni iṣẹ́ Keshi, kò sì sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí akọ́nimọ̀ọ́gbá sọ.

Àwọn tó ń lo èdè Faransé ní orílẹ̀-èdè Benin àti Tógò ti ya àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí sọ́tọ̀: ọ̀tọ̀ ni orúkọ ẹni tó ń kọ́ ẹgbẹ́ kan lójoojúmọ́, ọ̀tọ̀ ni ti ẹni tó ń ṣa agbábọ́ọ̀lù jọ fún orílẹ̀-èdè. Ìyàtọ̀ yìí wúlò fún ìtàn Keshi gan-an, nítorí pé Tógò ni orúkọ rẹ̀ ti kọ́kọ́ rinlẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, nígbà tó kó orílẹ̀-èdè kékeré yẹn la ìdíje àṣeyẹ kọjá sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2006, tí kò sì sí ìgbà kankan tí wọ́n ti débẹ̀ rí.

Ohun tí ó yẹ, nígbà náà, ni kí a fi akọ́nimọ̀ọ́gbá sílẹ̀ fún ẹni tó ń kọ́ni ní ọgbọ́n ẹsẹ̀ àti ti ara, kí a sì máa pe ẹni tí gbogbo ìpinnu wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní adarí-ikọ̀. Àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní ṣòro fún wa láti sọ lórúkọ, torí pé ìṣèjọba Yorùbá ti ṣe iṣẹ́ yẹn tán: igbákejì ni ẹni tó lè dípò rẹ̀, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́ láìní àṣẹ tirẹ̀, adelé sì ni ẹni tí wọ́n fi sípò títí wọn yóò fi rí ẹlòmíràn. Adelé dùn mọ́ni ju gbogbo wọn lọ, nítorí pé bọ́ọ̀lù Nàìjíríà kún fún wọn, ọ̀rọ̀ náà sì ti wà ní ààfin tipẹ́tipẹ́ kí bọ́ọ̀lù tó dé.

Iṣẹ́ inú ọpọlọ ló kù. Ète ni a lè pe èrò gbogboogbò tí adarí-ikọ̀ gbé wá sí ìdíje. Ìtò ni bí ó ṣe pín àwọn mẹ́wàá tó kù lẹ́yìn aṣọ́lé sí ẹ̀yìn, àárín àti iwájú, tí a ó fi lè sọ pé Keshi lo ìtò mẹ́rin-mẹ́ta-mẹ́ta. Bí ikọ̀ kan bá ń tẹ̀lé alátakò lẹ́sẹ̀ kan náà títí dé iwájú ilé tirẹ̀, kí ó má bàa rí àyè mí, ìfúnmọ́ ni. Bí wọ́n bá fà sẹ́yìn tí wọ́n sì kún ojú ilé wọn, wọ́n mọ odi. Bí wọ́n bá já bọ́ọ̀lù gbà tí wọ́n sì yí i padà kíákíá sí ilé ẹni tó ń lé wọn, ìkọlù àdápadà nìyẹn. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó ṣàjèjì, ogun àti ilé kíkọ́ ni a ti mú wọn, wọ́n sì ṣeé fi ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe, èyí tó ṣe pàtàkì jù, torí pé asọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kò ní àkókò fún ọ̀rọ̀-orúkọ gígùn: “wọ́n fún wọn mọ́lé” yóò yá a lẹ́nu.

Àwọn kan lè sọ pé kóòṣì ti tó, pé gbogbo ènìyàn ló ń sọ ọ́, kí ni a tún ń wá kiri. Ìbéèrè náà ní ọgbọ́n nínú, ọjà Ìpàtà gan-an sì ni ẹ̀rí tó dára jù fún un, nítorí pé àlùbọ́sà tí wọ́n ń tà níbẹ̀ gba ọwọ́ Hausa wá láti inú èdè Lárúbáwá, tàtàṣé náà sì jẹ́ ọ̀rọ̀ Hausa, síbẹ̀ kò sí Yorùbá kan tó máa ka èyíkéyìí nínú wọn sí àlejò. Góòlù, bọ́ọ̀lù àti kóòṣì ti bá wọn jókòó, kò sì sí ẹ̀tọ́ tí ẹnikẹ́ni ní láti lé wọn jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àyálò máa ń sọ ohun tí nǹkan ń jẹ́ ni, kì í ṣe àlàyé rẹ̀. Kóòṣì lè jókòó lórí ahọ́n àgbàlagbà kan fún ogójì ọdún láìjẹ́ kí ó mọ ohun tí ẹni náà ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Àwọn onímọ̀ tó kọ́kọ́ fojú sí ọ̀rọ̀ yìí mọ èyí. Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti apá kejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ni ní gírámà àti lítíréṣọ̀ láìfi Gẹ̀ẹ́sì ṣe òpó. Ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń wò. Bọ́ọ̀lù kò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbà, àdánù ńlá sì ni, torí pé àwọn tó ń fi Yorùbá ronú nípa rẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó ń fi í ronú nípa gírámà lọ.

Ọ̀nà tí a là sílẹ̀ yìí yóò rí ìdánwò rẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù ti àwọn ará Amẹ́ríkà, níbi tí a ti ń fi ọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù sá tí a sì ń jù ú, tí ikọ̀ kan ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti sún un síwájú ní yáàdì 10. Láti 2022 ni NFL, àjọ tó ń ṣètò líìgì eré náà, ti ń ṣe ìpàgọ́ ní Áfíríkà láti wá àwọn ọ̀dọ́ tó lè ṣe é, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè mọ́. Ẹni tó wà ní àárín gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní quarterback, orúkọ tó kàn sọ bí ó ṣe jìnnà tó sí ẹ̀yìn ìlà iwájú ní ayé àtijọ́. Bí a bá túmọ̀ orúkọ náà ní ẹyọ ẹyọ, yóò di ẹ̀yìn-ìdá-mẹ́rin, èyí tí kò sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ká wò: òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé bọ́ọ̀lù fún, òun ló ń pinnu ẹni tí yóò jù ú sí tàbí tí yóò fi í lé lọ́wọ́, òun náà ló sì ń kó àwọn yòókù jọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ láti sọ ète fún wọn, ìkórajọ tí ìforíkorí ti jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Adarí-ìkọlù ni ó yẹ ẹ́. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kò sì lè wọ ibí yìí rárá, torí pé gbígbá kọ́ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ń gbá a. Adarí-ikọ̀ ń wọ̀ ọ́ láìsí àtúnṣe.

Ìrìnàjò láti adarí-ìkọlù dé adarí-ikọ̀ wọ́pọ̀ níbẹ̀. Doug Pederson lo ọ̀pọ̀ ọdún gẹ́gẹ́ bí arọ́pò lẹ́yìn Brett Favre ní Green Bay, ó kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Shreveport láti 2005 sí 2008, ó di adarí ikọ̀ Eagles ti Philadelphia ní 2016, ní 4 Oṣù Kejì 2018 ni wọ́n sì fi àmì 41 sí 33 borí New England nínú àṣekágbá, nígbà tó jẹ́ pé Nick Foles, tí òun náà jẹ́ arọ́pò, ni adarí-ìkọlù wọn. Bí Keshi ti mọ orí àga àwọn arọ́pò ní 1994, bẹ́ẹ̀ ni Pederson ti mọ̀ ọ́n fún ìgbà pípẹ́, láti orí àga yẹn ni àwọn méjèèjì sì ti kọ́ bí a ṣe ń wo gbogbo pápá.

Láti 1994 ni òfin NFL ti gba adarí-ikọ̀ láàyè láti bá adarí-ìkọlù sọ̀rọ̀ nínú rédíò kékeré tó wà nínú akoto rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ìṣẹ́jú-àáyá 15 bá kù lórí aago, wọn yóò pa ohùn náà. Lẹ́yìn ìyẹn, bí adarí-ìkọlù bá wo ìtò àwọn alátakò tí ó sì rí i pé ète tí wọ́n fi rán òun kò ní ṣiṣẹ́, ó lè kígbe yí i padà níwájú gbogbo ènìyàn, ohun tí Yorùbá kò tíì ní orúkọ fún ni èyí. Àṣẹ ojú-ẹsẹ̀ ni a lè pè é, torí pé ojú ẹsẹ̀ ni ìpinnu náà ti wáyé, ìlà pápá sì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a ó lè lò fún balógun ikọ̀ Nàìjíríà tó bá fi ọwọ́ pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti fà sẹ́yìn kí adarí-ikọ̀ tó sọ̀rọ̀.