Igbó Ọba Olúwa àti Ogun Ọ̀rẹ̀

Igbó Ọba Olúwa wà ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, nítòsí ìlú Ọ̀rẹ̀. Ó fẹ̀ ju 800 kìlómítà níbùú lóòró lọ. Odò Olúwa tí wọ́n fi sọ igbó náà lórúkọ ń ṣàn gba Àgbàbú lọ sí ilẹ̀ omi àwọn Ìlàjẹ létí òkun. Igbó Ọmọ ti Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ó wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Igbó Ìdànrè wà ní ìhà ìlà-oòrùn, títí dé Òkòmù ní ilẹ̀ Ẹdó. Láyé àtijọ́, igbó kan ṣoṣo ni gbogbo wọn, láti ẹ̀yìn Ìjẹ̀bú títí dé Bìní. Ní ọdún 1967, ogun dé sí etí Igbó Olúwa.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó sọ irú igbó báyìí di igbó ọba. Wọ́n ya Òkòmù sọ́tọ̀ ní 1912, wọ́n sì ya Ọmọ sọ́tọ̀ ní 1925. Kì í ṣe nítorí ẹranko ni wọ́n ṣe é. Gẹdú ni wọ́n ń wá: ọ̀gànwó, ìrókò, arère àti ìdígbó, àwọn igi tí ọjà wọn ń yá nílẹ̀ òkèèrè. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé oko yóò jẹ igbó tán kí gẹdú tó pọ̀ tó. Nítorí náà, òfin dé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá oko sínú igbó ọba tàbí gé igi níbẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Ìgbà tí ó yá ni èrò àtidáàbò bo ohun abẹ̀mí wọ inú ètò náà. Ní 1946, wọ́n yọ apá kan sọ́tọ̀ nínú igbó Ọmọ tí àáké kò gbọdọ̀ kàn, àjọ UNESCO sì fi igbó náà kún àwọn tí ó ń bojú tó ní 1977. Ọ̀nà mìíràn ni Olúwa gbà. Láti bí ọdún 1960 síwájú, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ro apá kan igbó àdáyébá, wọ́n sì ń gbin igi Gmelina àti tíìkì sí i. Ìrètí wọn ni pé Gmelina yóò di ohun èlò fún iṣẹ́ bébà.

Níbi tí igbó àdáyébá ṣì kù, ẹranko pọ̀ ní oríṣiríṣi. Erin inú igbó, tí kò tó ti inú ọ̀dàn lára, ṣì ń rìn ní Ọmọ. Èsúró, akíka, òkété, àkàlà àti oríṣiríṣi ọ̀bọ wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀bọ náà, èyí tí ọ̀fun rẹ̀ funfun, kò sí níbòmíràn lágbàáyé ju gúúsù Nàìjíríà àti ilẹ̀ tí ó bá a pààlà ní ìwọ̀-oòrùn lọ. Ìnàkí náà wà, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ mọ́. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009 fi hàn pé ìnàkí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní gbogbo gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà.

Ogun abẹ́lé Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6, oṣù keje, ọdún 1967, lẹ́yìn tí Odumegwu Ojukwu kéde ìhà ìlà-oòrùn Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè Bìáfírà ní ọjọ́ 30, oṣù karùn-ún. Ìlà-oòrùn ni ojú ogun wà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 9, oṣù kẹjọ, ṣójà Bìáfírà sọdá afárá Odò Ọya ní Àsábà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Bìní ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Victor Bánjọ, ọmọ Ìjẹ̀bú, ni ó ṣáájú wọn. Wọ́n ti mú Bánjọ ní 1966 lórí ẹ̀sùn pé ó fẹ́ dojú ìjọba Aguiyi-Ironsi bolẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ìhà ìlà-oòrùn ni ó wà kí Ojukwu tó dá a sílẹ̀. Ó ní òun kò wá kó Yorùbá lẹ́rú, pé òun fẹ́ gba Nàìjíríà lọ́wọ́ ìjọba Yakubu Gowon ni.

Láti Bìní sí Èkó, ọ̀nà tí ó gba Ọ̀rẹ̀ ni ọ̀nà tààrà. Ṣùgbọ́n Bánjọ dúró ní Bìní fún ọjọ́ mélòó kan. Láàárín àkókò náà, òǹkọ̀wé Wọlé Ṣóyínká gbé ọ̀rọ̀ Bánjọ lọ fún Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí ó jẹ́ ọ̀gá ológun ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ tí ó jẹ́ yẹn wà lára ohun tí ó sọ Ṣóyínká di ẹlẹ́wọ̀n fún bí ọdún méjì. Ìdúró Bánjọ fún Èkó láyè láti múra. Wọ́n kó àwọn ọmọ ogun jọ di Ẹ̀ka Kejì lábẹ́ Murtala Muhammed, wọ́n sì rán wọn lọ pàdé àwọn tí ó ń bọ̀.

Kí oṣù kẹjọ tó parí, ṣójà Bìáfírà ti dé Ọ̀rẹ̀. Ìgbà òjò ni. Igbó dí ní ọ̀tún àti òsì, nítorí náà orí títì àti afárá ni ìjà wà. Ẹni tí ó bá gba títì ni ó gba ilẹ̀. Ọ̀rẹ̀ ni ibi tí Bìáfírà rìn jìnnà dé jù lọ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti dá wọn padà. Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹsàn-án, ológun ìjọba àpapọ̀ gba Bìní padà. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, Ojukwu ní kí wọ́n yìnbọn pa Bánjọ àti àwọn mẹ́ta mìíràn ní Enugu, lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀. Ogun náà kò parí títí di ọjọ́ 15, oṣù kìíní, ọdún 1970. Títí di òní, bí ọ̀ràn bá le kọjá sísọ, Yorùbá a máa ní, "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!"

Ogun náà kò pẹ́ ní Ọ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n jà lé lórí pẹ́ níbẹ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, ìjọba la títì ńlá tí ó so Èkó mọ́ Bìní, ó sì gba Ọ̀rẹ̀ kọjá. Ìlú náà di oríta ńlá tí ọkọ̀ èrò ti ń dúró jẹun, tí títì Oǹdó àti ti Òkìtìpupa ti ń pàdé. Bí ọkọ̀ ṣe rọ́nà wọlé ni onígẹdú náà rọ́nà gbé igi jáde. Àwọn àgbẹ̀ kòkó tẹ̀lé ipa ọ̀nà gẹdú wọ inú igbó ọba, ọ̀pọ̀ láti ibi tí ilẹ̀ ti ṣá. Ọdẹ ń ta ẹran ìgbẹ́ fún àwọn èrò ojú títì. Igbó tí ó so pọ̀ tẹ́lẹ̀ wá já sí wẹ́wẹ́, erin àti ìnàkí kò sì rí ọ̀nà kọjá láti igbó kan sí èkejì bíi ti tẹ́lẹ̀.

Abẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Igbó Ọba Olúwa wà lónìí, àṣẹ ẹ̀ka tí ó ń bójú tó igbó ni àlejò yóò sì gbà kí ó tó wọ̀ ọ́. Igi Gmelina tí wọ́n gbìn ní ìlà-ìlà àti oko kòkó ni yóò pọ̀ jù nínú ohun tí yóò rí. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí àwọn ohun ìjà ogun abẹ́lé náà yóò sọdá Odò Ọya lọ sí Umuahia, níbi tí ilé ìṣẹ̀m̀báyé ogun ti orílẹ̀-èdè wà láti 1985.